"Kò Bá Mi Lára Mu": Ìtàn Wàrà Nínú Ikùn Ọmọ Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan nínú èdè wa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi a máa da mílíìkì inú agolo sí tíì rẹ̀ ní àràárọ̀ títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí ti ògì bàbà. Ìyá mi kì í fi ọwọ́ kan agolo náà. Bí àlejò bá bi í pé kí ni ó dé tí ó fi ń mu tíì lófìfo, èsì kan náà ni í fún un: "Kò bá mi lára mu." Àwa ọmọ rò pé ó ń ṣọ́ owó ná ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni ó ń sọ, àti pé ohun tí ó fi ọ̀rọ̀ márùn-ún sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn náà dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ ni "bá…mu", èyí tí a tún ń lò nígbà tí a bá ń sọ pé aṣọ bá ènìyàn mu tàbí pé bàtà kò bá ẹsẹ̀ mu. Bí bàtà kò bá ti bá ẹsẹ̀ mu, a kì í dá bàtà lẹ́bi, a kì í sì í dá ẹsẹ̀ lẹ́bi. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún oúnjẹ tí a fi nǹkan búburú sí: májèlé ni. Ó ní ọ̀rọ̀ fún ara tí kò dá: àìsàn ni. Ó ní ọ̀rọ̀ fún oúnjẹ tí ìdílé tàbí òrìṣà kọ̀ fún ènìyàn: èèwọ̀ ni. Oúnjẹ tí kò bá ara mu kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oúnjẹ náà dára, ara náà dá ṣáká, àwọn méjèèjì ni kò ṣe déédéé ara wọn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀rẹ́ méjì kan ń gbé yàrá kan náà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò parí, ọ̀kan nínú wọn po tíì ńlá fún èkejì rẹ̀, ó sì da odindi agolo mílíìkì sí i láti fi ṣe àjọyọ̀. Ẹni tí a po tíì fún kò mu irú rẹ̀ rí ní ilé wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú rẹ̀ ti ń kùn bí ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ti lọ sí ilé ìgbẹ̀ẹ́ tó ìgbà mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ òun fẹ́ pa òun. Ẹlòmíràn bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Títí tí a fi jáde ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Májèlé ni ó pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó lò wà nínú èdè ìyá rẹ̀.

Kí ni ó ṣe é gan-an? Wàrà, ìbáà ṣe ti ìyá ọmọ, ìbáà ṣe ti màlúù, ní irú ṣúgà kan nínú tí a ń pè ní lactose. Ṣúgà yìí kò lè gba ara ògiri ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí ó ṣe wà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé e sí méjì. Nínú ìfun kékeré ni èròjà kan wà tí ń gé e, lactase ni orúkọ rẹ̀. Bí lactase bá tó, ara yóò gba ṣúgà náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá tó, ṣúgà náà yóò kọjá láìgé lọ sínú ìfun ńlá, níbi tí àìmọye kòkòrò àìfojúrí ń gbé. Àsè dé fún wọn nìyẹn. Wọn a jẹ ṣúgà náà, wọn a sì tú afẹ́fẹ́ jáde. Ṣúgà tí a kò gé náà a tún máa fa omi mọ́ra sínú ìfun. Ìdí nìyí tí inú fi ń kùn, tí ó fi ń wú, tí ènìyàn fi ń só, tí ìgbẹ́ gbuuru sì lè tẹ̀ lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Kò sí májèlé níbẹ̀, kò sì sí ọwọ́ ayé.

Ọmọ titun kì í ní ìṣòro yìí. A bí i pẹ̀lú lactase tí ó pọ̀, nítorí pé wàrà ìyá ni oúnjẹ rẹ̀, wàrà ìyá sì ní lactose ju ti màlúù lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, lactase rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Bí ó ti rí fún ọmọ ewúrẹ́, ọmọ ajá àti ọmọ ológbò náà nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ayé, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àwọn ará ìgbàanì ti kíyè sí apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín àwọn ìwé ìṣègùn Gíríìkì àtijọ́ tí a so mọ́ orúkọ Hippocrates, ọ̀kan wà tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fi wàràkàṣì ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣàlàyé pé àwọn kan lè jẹ ẹ́ yó kí ó sì ṣe wọ́n lóore, nígbà tí ó jẹ́ ìnira fún àwọn mìíràn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ fún oníṣègùn ni pé kí ó má kàn sọ pé wàràkàṣì burú, bí kò ṣe kí ó wádìí irú ara tí ó ń ni lára àti ìdí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá mi ni ọkùnrin yìí ń sọ ní èdè Gíríìkì.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí sùn fún ìgbà pípẹ́. Ní àríwá Yúróòpù, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àgbàlagbà ń mu wàrà láìsí wàhálà. Nígbà tí ìṣègùn òde òní gbilẹ̀ níbẹ̀ àti ní Amẹ́ríkà, ikùn àwọn wọ̀nyí ni ìwé fi ṣe òṣùwọ̀n ikùn gbogbo ọmọ ènìyàn. Wàrà di oúnjẹ tí kò ní ọ̀tá, tí a ń pọn lé fún ọmọdé àti àgbà.

Ní ọdún 1965 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Pedro Cuatrecasas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò fún àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 1966, Theodore Bayless àti Norton Rosensweig gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde ní ìlú kan náà. Èsì àwọn méjèèjì jọra: èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláwọ̀ dúdú kò lè gé ṣúgà wàrà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláwọ̀ funfun sì lè gé e. Ẹ fi etí sí orúkọ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n rí: wọ́n pè é ní àìtó lactase. Bí a bá ti pe nǹkan ní àìtó, a ti gbà pé ìwọ̀n kan wà tí ó yẹ kí ó pé. Ta ni ó fi ìwọ̀n náà lélẹ̀?

Ìbéèrè tún dìde pé níbo ni ohun tí wọ́n pè ní àìtó yìí ti wá. Ṣé àìjẹunre kánú ni? Ṣé àìsàn inú tí ó ti ba ìfun jẹ́ láti ìgbà èwe ni? Àbí àjogúnbá ni? Àwọn baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ, nítorí náà ọ̀nà tí ìdáhùn lè gbà wá kọjá ní ilẹ̀ wa.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé Èkó. Norman Kretchmer, onímọ̀ ìṣègùn àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Stanford, darapọ̀ mọ́ Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó. Ọ̀pọ̀ yín mọ orúkọ Ransome-Kuti gẹ́gẹ́ bí ọmọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, àti Mínísítà fún Ètò Ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Àwọn tí ó mọ̀ pé ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ikùn Yorùbá kí ó tó di mínísítà kò pọ̀. Nàìjíríà dára fún ìwádìí náà, nítorí pé lábẹ́ àsíá kan ṣoṣo ni a ti rí àwọn tí wàrà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn àti àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọmú ìyá.

Ọ̀nà tí a fi ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí kò lọ́jú pọ̀. A ó po ṣúgà wàrà mọ́ omi, ẹni tí a ń yẹ̀ wò yóò mu ún, a ó sì máa wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá gòkè, ìfun ti gé ṣúgà náà. Bí kò bá gòkè, kò gé e. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 1971 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbàlagbà Yorùbá àti Ìgbò tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò lè gé ṣúgà wàrà. Ní ti àwọn Fúlàní darandaran, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó lè gé e. Ní ọdún 1975, wọ́n tún gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ìdílé ní Nàìjíríà, títí kan àwọn ìdílé tí ọ̀kan nínú àwọn òbí jẹ́ Yorùbá tí èkejì sì jẹ́ òyìnbó. Èsì rẹ̀ ni pé bí bàbá àti ìyá kò bá lè gé ṣúgà wàrà, ọmọ wọn kì yóò lè gé e. Bí ọ̀kan nínú àwọn òbí bá lè gé e, ọmọ lè jogún rẹ̀. Àjogúnbá ni, kì í ṣe àìjẹunre kánú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó. Àwọn Yorùbá tí kò lè gé ṣúgà wàrà yìí kì í ṣe aláìsàn. Bí ó bá jẹ́ pé odindi ẹ̀yà kan ni ó ní "àìtó", ó yẹ kí a tún òṣùwọ̀n wò. Bí a bá fi ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣe ìwọ̀n bàtà fún gbogbo ìlú, àbùkù ni a ó máa rí lára ẹsẹ̀ gbogbo ìlú. Lónìí, a ti mọ̀ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn àgbàlagbà ayé ni lactase wọn ń dínkù lẹ́yìn ìgbà èwe. Nítorí náà àwọn onímọ̀ ti yí orúkọ padà. Nínú ìwé wọn òde òní, àwọn tí lactase wọn dúró pẹ́ títí di àgbà ni wọ́n fún ní orúkọ àrà ọ̀tọ̀, nítorí pé àwọn ni ó yàtọ̀ sí bí ọmọ ènìyàn ṣe wà látètèkọ́ṣe.

Bí ẹnìkan bá ṣì ń ṣiyèméjì pé orúkọ lè ṣini lọ́nà, kí ó wo ẹ̀wà. Ẹ̀wà ní irú àwọn ṣúgà kan nínú tí ìfun kékeré ọmọ ènìyàn kò ní ohun tí yóò fi gé wọn. Wọ́n a kọjá sínú ìfun ńlá, kòkòrò àìfojúrí a jẹ wọ́n, afẹ́fẹ́ a sì jáde, gẹ́gẹ́ bí ti wàrà. Yorùbá, Fúlàní àti òyìnbó, bákan náà ni gbogbo wọn. Ǹjẹ́ a ti gbọ́ kí dókítà sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní àìsàn àìtó ẹ̀wà? A kò gbọ́ ọ rí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó yàtọ̀ tí a lè fi ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn ìyá wa kàn ń rẹ ẹ̀wà sínú omi, wọn a bó o, wọn a sì da omi àkọ́sè nù, gbogbo rẹ̀ a sì rọlẹ̀.

Kí ni ó wá mú kí ikùn Fúlàní yàtọ̀ sí tiwa? Ìtàn màlúù ni. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ọ̀rá wàrà wà lára àpáàdì ìkòkò tí a hú ní gúúsù Líbíà, èyí tí ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje ọdún. Aṣálẹ̀ Sàhárà ṣì ní koríko nígbà náà. Ibi tí màlúù bá wà, tí ìyàn tàbí àrùn sì ń ṣẹlẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹni tí ó lè mu wàrà láìsí ìgbẹ́ gbuuru ni ó ṣeé ṣe kí ó yè jù kí ó sì bímọ. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2022 lórí àpáàdì ilẹ̀ Yúróòpù tọ́ka sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀: àwọn ará ibẹ̀ ti ń lo wàrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí agbára yìí tó gbilẹ̀ láàárín wọn. Ní ti ilẹ̀ igbó tiwa, eṣinṣin tsetse tí í ko àrùn ran ẹran kò jẹ́ kí agbo màlúù ńlá gbilẹ̀. Iṣu, ẹ̀wà, epo àti ẹja ni a gbójú lé. Ikùn wa kò nílò ohun tí a kò fi í jẹun.

Ìwádìí orí jíìnì ti fi ìdí èyí múlẹ̀. Ní ọdún 2002, Nabil Enattah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fíńláńdì rí ìyípadà kékeré kan tí ó máa ń jẹ́ kí lactase dúró. Ìyípadà yìí kan náà ni a rí lára ọ̀pọ̀ Fúlàní. Ní ọdún 2007, Sarah Tishkoff àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ìyípadà mìíràn lára àwọn darandaran Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Sùdáànù, tí ó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn Yorùbá kan ní Ìbàdàn náà fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 láti fi jíìnì àwọn ènìyàn ayé wéra. A kò rí ìyípadà ti Yúróòpù yẹn lára wọn. Ohun tí Ransome-Kuti rí pẹ̀lú ife ṣúgà àti abẹ́rẹ́ ní Èkó ni jíìnì wá jẹ́rìí sí.

Àmọ́ Yorùbá kò ṣàì mọ adùn wàrà. Ní Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ta ni kò mọ ìyá Fúlàní tí ó ru igbá wàrà? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a gbé wàrà màlúù ka iná, wọn a fi omi ewé bọmubọmu sí i, wàrà a sì dì. Wọn a kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ lè jò dànù. Púpọ̀ nínú ṣúgà wàrà ni ó ń bá omi náà lọ. Nónò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ́ kí ó kan ti jẹ lára ṣúgà náà kí ó tó dé ẹnu wa. Bẹ́ẹ̀ ni yọ́gọ́ọ̀tì náà rí. Ìdí nìyí tí ẹni tí mílíìkì agolo ń yọ lẹ́nu fi lè jẹ wàrà ní Ìlọrin kí ó sì sùn dáadáa.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí mú lò nínú ìtàn yìí? Àkọ́kọ́, ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà. Àádọ́ta gíráàmù lactose ni a sábà máa ń lò fún àyẹ̀wò àgbàlagbà, ó sì tó èyí tí ó wà nínú nǹkan bí lítà wàrà kan. Àpérò kan tí àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè ní ọdún 2010 fẹnu kò pé ọ̀pọ̀ àwọn tí kò lè gé ṣúgà wàrà ṣì lè mu bí ife kan láìsí ìnira tí ó pọ̀, pàápàá bí wọ́n bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń mu díẹ̀díẹ̀ déédéé lè rí i pé àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá rẹ̀ ń mọ́ ọn lára. Ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìtàn yìí gba ọmú lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Wàrà ìyá ni oúnjẹ tí ó bá ọmọ lára mu jù. Ìkẹta, kí a má fi èyí pe ohun mìíràn. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ara wọn gan-an ni ó ń gbógun ti wàrà, tí ẹnu wọn ń wú tàbí tí èémí wọn ń há. Ìyẹn léwu, ó sì yàtọ̀ pátápátá. Ìgbẹ́ gbuuru líle lè ṣe ìfun ọmọdé léṣe kí lactase rẹ̀ sì dínkù fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ẹni náà ń rù, dókítà ni ó yẹ kí ó rí i.

Ìyá mi kò mọ lactase. Kò ka Lancet rí. Ṣùgbọ́n ó kíyè sí ara rẹ̀, ó sì ní èdè tí ó fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kò pe mílíìkì ní májèlé, kò pe ara rẹ̀ ní aláìsàn, kò sì da agolo bàbá mi nù. Ó kàn mu tíì rẹ̀ lófìfo, ó sì lọ sí ọjà rẹ̀. Mo máa ń ronú sí ọ̀rẹ́ méjì yẹn nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́, pé bí a bá rí ẹni tí ó rán wọn létí gbólóhùn yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bóyá wọn ìbá ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́. Gbogbo ìka kò dọ́gba, ikùn náà kò dọ́gba. Bí ẹ bá po tíì fún ẹnìkan tí ó sì ní kò bá òun lára mu, ẹ gbà á gbọ́.